Ogún Kì Í Gòkè

Ẹ̀rọ ẹlẹ́rù tó kẹ́yìn bà sórí àpáta, ó ká apá mọ́ra bí lékèélékèé tó dé orí igi, ó sì dákẹ́. Fèrè dún. Àwọn èrò tó tò sẹ́yìn ọ̀pá irin pàtẹ́wọ́ díẹ̀.

“Ọpẹ́ ni,” ni Mọrádéyọ̀ wí. “Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni iṣu àti bíríkì fi ń fò kiri lórí wa, ọjọ́ méjì péré ni ti ọmọ ènìyàn. Láoyè, sún síwájú. Àbí o fẹ́ kí ọjọ́ Ajé tún dé, kí iṣu gba ojú ọ̀run padà lọ́wọ́ wa ni?”

Láoyè sún síwájú. Àpótí pẹrẹsẹ kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó sì mú un bí ẹni tó gbé ẹyin kọjá láàárín ọjà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ òun ló wọ bàtà aláwọ̀ ọsàn, òun ló ń nà lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ láti wo bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́. Láoyè tó jẹ́ àbúrò ló dà bí àgbà nínú àwọn méjèèjì. Kò jẹ́ aláròyé rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Dúróṣinmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti kú, ó ti di ẹni tó ń wọn ọ̀rọ̀ kó tó mú un jáde, bí obìnrin tó ń wọn epo ní ìgbà ọ̀wọ́n.

Mọrádéyọ̀ ló pète ìrìn àjò yìí. “Wá ká lọ ṣeré lórí Òkè Atẹ́gùn ní Èkìtì,” ló wí fún un. “Àbámẹ́ta àti Àìkú péré ni, kò ní pa ọ́.” Nígbà tó yá ló wá rọra fi kún un pé, “Gbé àpótí náà dání.”

Níwájú wọn, ọkùnrin ará Ìjẹ̀bú kan tó sanra dáadáa ń bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn ní ohùn tí gbogbo òkè ń gbọ́.

“Mo ní n ò lọ. Èmi Kújọrẹ́, èmi kì í ṣe àdán.”

“Ta ló pè yín ní àdán, Bàbá Yéwándé?” ni ìyàwó wí. “Àdán tiẹ̀ sàn. Àdán kì í gbọ̀n kó tó fò.”

Mọrádéyọ̀ rẹ́rìn-ín. Kújọrẹ́ bojú wẹ̀yìn.

“Màmá, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ ti wo ìsàlẹ̀ yẹn?”

“Mo ti wò ó, ọmọ mi. Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ.”

Obìnrin tó ń pín ìyẹ́ tí èrò fi ń fò jókòó sẹ́yìn tábìlì funfun kan. Orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀ ni Abọ́sẹ̀dé. Ó fa ìyẹ́ aláwọ̀ eérú kan yọ, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń mu oòrùn, tí eegun inú rẹ̀ kò wúwo ju ìdí ìgbálẹ̀ lọ, ó sì nà án sí Kújọrẹ́.

“Ìyẹ́ òfo nìyí, sà. Kò mọ nǹkan kan. Ẹ máa tẹ̀lé ẹni tó mọ̀ ọ́n fò, ìyẹ́ yín á máa wo ti iwájú kọ́ ìṣe, bí òròmọdìẹ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Ohun tó bá kọ́, òun náà ló máa fi kọ́ yín. Bí ẹ bá padà dé, a ó fọ̀ ọ́.”

“Kí lẹ ó fọ̀ níbẹ̀?”

“Ìbẹ̀rù yín, sà. A ò fẹ́ kí ẹlòmíì jogún rẹ̀.”

Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín, ìyàwó Kújọrẹ́ sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ọkùnrin náà dá ìyẹ́ padà sórí tábìlì, ó ní òun máa jẹun ná.

Ó wá kan àwọn ọmọ ìyá méjèèjì. Láoyè gbé àpótí lé orí tábìlì. Kò tíì yọwọ́ kúrò lára rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ tábìlì fi yí láti funfun sí àwọ̀ àlùkò. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Abọ́sẹ̀dé. Ó dìde dúró.

“Ìyẹ́ olóògbé ni,” ó wí. “Ta ni Mọrádéyọ̀?”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀gbọ́n bàbá olóògbé. Orúkọ yín ló kọ sílẹ̀, ẹ̀yin lajogún.” Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpótí náà, ó sì gbé e fún un. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Láoyè. “Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?”

“Èmi ni.”

“Ẹ kú ara fẹ́ra kù, sà. Ẹ má bínú sí mi. Òfin ní ẹ lè gbé e, ẹ lè fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n òbí kò gbọ́dọ̀ wọ ti ọmọ rẹ̀. Ogún kì í gòkè.”

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni Láoyè wí.

Bí kò bá mọ òfin Ìgbìmọ̀ Òfurufú tó ń ṣàkóso fífò, ó mọ òfin àwọn baba rẹ̀ tí Ìgbìmọ̀ ti rí i kọ. Omi kì í ṣàn lọ sókè, òbí kì í sì í jogún ọmọ. Òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọ tó ṣáájú bàbá. Nígbà tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ pa Dúróṣinmí, àwọn ẹbí ti Láoyè mọ́ yàrá, àwọn àgbààgbà méjì jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀dọ́ sì gbé ọmọ náà lọ sin. Kò mọ ibi tí sàréè wà títí di òní. Kì í ṣe ìwà ìkà ni wọ́n hù sí i. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, òun náà sì ti jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹlòmíràn rí. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà ló gbé àpótí yìí wá fún un lẹ́yìn náà. Àpótí náà nìkan ló fojú rí.

“Ẹ mọ̀ pé ọ̀la ni ọdún pé,” ni Abọ́sẹ̀dé ń sọ fún Mọrádéyọ̀. “Bí oòrùn bá wọ̀ lọ́la tí ẹ̀yin ajogún kò tíì fò ó, á fọ ara rẹ̀. Gbogbo ìṣe tí olóògbé fi kọ́ ọ á pa rẹ́.”

“Bí mo bá wá fò ó ńkọ́?”

“Tiyín á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú tirẹ̀, mà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ó rí i kedere, bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó máa rí ara yín díẹ̀díẹ̀. Tó bá pẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ ó kù níbẹ̀.”

Mọrádéyọ̀ ju orí. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìyẹ́ mìíràn fún tòní. “Ọ̀la ni ti ọmọ wa,” ó wí. “Ẹ jẹ́ kí egungun mi kọ́kọ́ rántí ohun tí wọ́n ń pè ní fífò.”

Ó fò títí oòrùn fi kan àtàrí. Láoyè jókòó sórí àpáta, àpótí wà lórí itan rẹ̀, ó ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í fò bí ẹyẹ. Bí adìẹ tí wọ́n lé kúrò nídìí àgbàdo ló ṣe ń fò, ó ń jà pìtìpìtì, ó ń kígbe orúkọ rẹ̀ láti òkè pé, “Láoyè, wò mí,” òun náà sì ń gbé ọwọ́ sókè kí ó má bàa dà bí ẹni tí kò wò ó. Nísàlẹ̀, oko iṣu tẹ́ lọ dé ibi tí ọ̀nà mọ́tò wà nígbà èwe rẹ̀. Orí òrùlé gbogbo ń dán, nítorí òrùlé kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ oòrùn tirẹ̀ báyìí. Nígbà tí wáyà iná ṣì wà lórí òpó, Láoyè ni wọ́n máa ń rán gòkè láti tún un ṣe. Ibi gíga kò bà á lẹ́rù rí. Ohun tó jẹ́ kó kọ fífò ni pé ẹni tó bá gun òpó ń di nǹkan mú.

Nígbà tí Mọrádéyọ̀ dá ìyẹ́ padà, tábìlì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ìyẹ́ yìí ti kọ́ ohun tuntun. Kí n fọ̀ ọ́, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún òkè?”

“Kí ló túmọ̀ sí?” ni Láoyè bi Abọ́sẹ̀dé.

“Bí ìṣe ẹnì kan bá dára, bàbá, a máa ń fi í sílẹ̀ nínú ìyẹ́ náà kí àwọn tí kò fò rí lè tibẹ̀ kọ́ ọ.” Ó wo Mọrádéyọ̀. “Ṣùgbọ́n ti màmá yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́. A ò fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ.”

“O ṣeun,” ni Mọrádéyọ̀ wí. “Àgbà tí kò bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, kó má wá sórí òkè.”

Ilé àlejò tí wọ́n dé sí wà ní ìdí àpáta. Wọ́n jẹ iyán pẹ̀lú ìgbín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, oòrùn kò tíì wọ̀ tán. Mọrádéyọ̀ fọwọ́, ó ní òun gbàgbé orín sílé, ó sì ki ọwọ́ bọ inú àpò àbúrò rẹ̀ láìbéèrè, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ kì í ṣe orín.

“Láoyè. Kí ni pínsà ń ṣe nínú àpò ẹni tó wá ṣeré?”

Láoyè ń wo àwo.

“Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

“Okùn pupa kan wà ní ọrùn ìyẹ́ náà,” ni Láoyè wí. “Ibẹ̀ ni Ìgbìmọ̀ ń gbà bá a sọ̀rọ̀. Bí a bá gé e, wọn ò ní lè fọ̀ ọ́ mọ́.”

“Kò sì ní lè fò mọ́.”

“Kò ní lè fò mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó fi síbẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀. Kò ní dín.”

“Nínú àpótí.”

“Nínú àpótí.”

Mọrádéyọ̀ gbé pínsà náà lé orí tábìlì, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sórí àga kejì. “Orúkọ mi ló wà lára ìyẹ́ yẹn, kì í ṣe tìrẹ. Ẹni tó bá gé okùn, wọ́n á gba ojú ọ̀run lọ́wọ́ rẹ̀. Títí mo fi máa kú, n ò ní fò mọ́.”

“Mo mọ̀.”

“O mọ̀, o sì gbé pínsà.”

“Mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n mi. N ò tíì mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ yín ni.”

Ẹnì kan ń fọ àwo lẹ́yìnkùlé. Mọrádéyọ̀ kò bínú. Ì bá sàn fún Láoyè bó bá bínú.

“Gé e,” ó wí nígbà tó yá. “Mo ti fò tó ti mo fò. Bí ohun tí yóò jẹ́ kí o sùn lóru nìyẹn, gé e, èmi á gba ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ni mo fẹ́ kí o sọ fún mi. Bí o bá gé e tán, kí lo máa máa fi í ṣe?”

“Màá máa ṣí i wò.”

“Kí lo máa rí?”

Láoyè wo àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Aṣọ kíká ni yóò máa rí.

“Wọn ò jẹ́ kí o dé ibi sàréè rẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Ìwọ wá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ gbẹ́ òmíràn sínú yàrá tí ò ń sùn.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó dáhùn ní ohùn tó le ju bó ṣe yẹ kí àbúrò fi dá ẹ̀gbọ́n lóhùn lọ. “Bí ẹ bá fò ó, ó ń tán lọ nìyẹn. Ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin yẹn wí. Ní ìgbẹ̀yìn, ẹ̀yin lẹ máa kù níbẹ̀, Dúróṣinmí ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Mo sọ ọ́ ní Dúróṣinmí. Mo ní kó dúró kó sin mí. Kò dúró. Ṣé èyí tó kù yìí náà kò ní dúró ni?”

Mọrádéyọ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àga kejì. Ó dìde, ó gbé àpótí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pínsà lórí tábìlì, ó sì wọlé lọ wẹ̀.

Láoyè ṣí àpótí náà. Òórùn adí àgbọn tí ọmọ náà máa ń fi para jáde, kò pọ̀ mọ́. Ó tú aṣọ náà títí ó fi rí okùn pupa náà ní ọrùn rẹ̀, kò nípọn ju òwú lọ. Ó ti gé wáyà tó nípọn ju èyí lọ lórí òpó, nínú òjò. Ó fi ẹnu pínsà mú un. Ìyẹ́ náà gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré, bí ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn lójú oorun. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wo oòrùn tó ń lọ. Nígbà tó gbọ́ pé omi ti dá nínú ilé, ó ṣí ẹnu pínsà kúrò lára okùn, kò gé e, kò sì lè sọ pé òun kò ní gé e.

Lọ́jọ́ Àìkú, Mọrádéyọ̀ kò bá a sọ ọ̀rọ̀ ìyẹ́ rárá. Ó bá ìyàwó Kújọrẹ́ ta ayò, ó sì bá a fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin náà tún ti tò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti kúrò lórí ìlà lẹ́ẹ̀mejì.

“Inú ló ń run mí,” ni Kújọrẹ́ wí.

“Ó ń run yín láti ọjọ́ tí a ti ṣe ìgbéyàwó,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Gbogbo ibi tí n bá fẹ́ lọ ló ti máa ń run yín.”

Láoyè jókòó sórí àpáta àná. Ó ń wo àwọn tó ń fò. Ó wá ṣàkíyèsí ohun tí kò rí lánàá: kò sí méjì nínú wọn tó ń yà bákan náà. Ẹnì kan ń yà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Òmíràn ń yà bí ẹni tí wọ́n pè. Ó gbìyànjú láti rántí bí Dúróṣinmí ṣe ń yà, ó sì rí i pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ọdún pípẹ́ ni ọmọ náà fi ń fò lórí òkè yìí, tó sì ń pè é pé, “Bàbá, ẹ wá wò mí lọ́jọ́ kan.” Òun náà ń dáhùn pé òun ń bọ̀, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ohun tó fẹ́ tì mọ́ inú àpótí yìí, kò tíì fojú rí i rí.

Oòrùn ti yẹ àtàrí, ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Mọrádéyọ̀ wá dúró tì í, òjìji rẹ̀ bò ó.

“Láoyè. Oòrùn.”

Ó dìde. Ó gbé àpótí fún un, ó sì fa pínsà yọ nínú àpò, ó fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

“Ẹ fò ó,” ó wí. “Ẹ jẹ́ kí n rí i.”

Mọrádéyọ̀ wo pínsà náà, ó sọ ọ́ sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. “O ò ní rí i dáadáa láti ilẹ̀. Tẹ̀lé mi.”

“Èmi?”

“Òfin ní kí o má wọ tirẹ̀. Òfin kò ní kí o má tẹ̀lé e.”

Abọ́sẹ̀dé gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè, ó wo ojú ọ̀kan, ó wo ojú èkejì. Ó fa ìyẹ́ òfo kan yọ láìsọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì so ó mọ́ Láoyè lẹ́yìn, ó so ó gírígírí bí ìyá tó ń pọnmọ.

Wọ́n dúró létí àpáta. Ìyẹ́ Dúróṣinmí ti ṣí lẹ́yìn Mọrádéyọ̀, àwọ̀ búlúù ni, a ti lẹ̀ ẹ́ níbi kan pẹ̀lú aṣọ mìíràn. Láoyè kò mọ ìgbà tó ya, kò sì mọ ẹni tó lẹ̀ ẹ́.

“Má ṣe wo ilẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Èmi ni kó o máa wò.” Ó sì fò.

Láoyè tẹ̀lé e. Ilẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wá òpó láti dì mú, kò sí òpó. Ìyẹ́ òfo náà ń lù pàràpàrà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹyẹ tó há sínú ilé. Lẹ́yìn náà ni ìyẹ́ náà rí èyí tó wà níwájú, ó sì fara balẹ̀.

Níwájú rẹ̀, Mọrádéyọ̀ kò fò bí adìẹ. Kò jà, kò kígbe. Obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ wíwú rìn lórí ilẹ̀ ń lọ lójú ọ̀run jẹ́ẹ́, gbọọrọ, bí ọkùnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí kò sí ohun tó ń lé e. Wọ́n dé ibi tí àpáta ti ṣẹ́ kọ́rọ́, níbi tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ti yà. Ìyẹ́ búlúù náà kò yà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ èjìká ọ̀tún sílẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹni tó ń dúró de nǹkan. Ìgbà náà ló wá yà.

Ìyẹ́ tó wà lẹ́yìn Láoyè wò ó, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Èjìká ọ̀tún Láoyè lọ sílẹ̀. Ó dúró. Orí rẹ̀ tẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ó rò ó, ó sì mọ ibi tí òun wà.

Ẹnu ọ̀nà ilé bàbá wọn ni. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ni, àtẹ́rígbà rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé àlejò kò lè wọlé láìtẹríba. Ní gbogbo ìgbà tí Dúróṣinmí kò tíì lè rìn jìnnà, èjìká ọ̀tún ni Láoyè máa ń gbé e kọ́ bọ̀ láti oko. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, á rẹ èjìká náà sílẹ̀ kí orí ọmọ má bàa gbá àtẹ́rígbà, á dúró, ọmọ á fọwọ́ kan igi náà bó ṣe ń kọjá lórí rẹ̀, á sì ké láti òkè pé, “A ti kọjá, bàbá mi.” Ìgbà náà ni yóò tó yà sínú ilé. Wọ́n ti wó ilé náà tipẹ́. Láoyè kò rántí ẹnu ọ̀nà náà mọ́. Ọmọ náà rántí, tàbí ara rẹ̀ ló rántí, ó sì ń gbé e kiri lójú ọ̀run níbi tí kò ti sí ilẹ̀kùn kankan.

Wọ́n yà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n yà lẹ́ẹ̀kẹta. Ní gbogbo ìgbà ni èjìká náà ń lọ sílẹ̀. Omi ń dà lójú Láoyè, atẹ́gùn sì ń gbá a lọ sẹ́yìn etí. Ó jẹ́ kí ó máa dà. Kò sí ẹni tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yà fún ìgbà ìkẹyìn, ó rí i tí Mọrádéyọ̀ fi apá òsì jà díẹ̀, pìtì. Ti adìẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó rò pé yóò dun òun. Ó dùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Wọ́n bà sórí àpáta. Mọrádéyọ̀ dì í mú ní ìgbáròkó. Ó ń nu imú pẹ̀lú etí ẹ̀wù rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé atẹ́gùn ni.

Láoyè tú ìyẹ́ eérú náà, ó gbé e lé orí tábìlì.

“Ìyẹ́ yìí ti kọ́ ohun tuntun,” ni tábìlì wí. “Kí n fọ̀ ọ́, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún òkè?”

Abọ́sẹ̀dé sáré fọwọ́ bo ìmọ́lẹ̀ tábìlì kí ó má lè gbọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Bàbá, mo rí yín láti ibí. Èyí kì í ṣe ogún, ẹ̀yin lẹ wò ó kọ́. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè sọ pé ó ya mọ́ yín lára, kí ẹ máa gbé e lọ sílé. Kò sí ẹni tó máa béèrè.”

Láoyè wo ìyẹ́ náà. Ó fẹ́ ẹ. Ó rí yàrá rẹ̀, ó rí ibi tí yóò gbé e kọ́, lára ògiri tó kọjú sí ibùsùn. Lẹ́yìn rẹ̀, Kújọrẹ́ ti tún tò, ó ń nu òógùn, ìyàwó rẹ̀ dì í mú ní ọrùn ẹ̀wù kí ó má bàa sá.

“Ọmọ mi, o ṣeun,” ni Láoyè wí. “Kò ya. Ṣí ọwọ́ rẹ.”

Abọ́sẹ̀dé ṣí ọwọ́. Ìmọ́lẹ̀ tàn.

“Fi í sílẹ̀ fún òkè,” ni Láoyè wí fún tábìlì.

“Mo ti fi í sílẹ̀,” ni tábìlì wí.

Ó yí padà sí ará Ìjẹ̀bú náà. “Ọ̀gbẹ́ni, èyí ni kí ẹ wọ̀. Ó mọ̀ ọ́n.”

“Ṣé ó dájú, bàbá?”

“Ẹ sáà jẹ́ kó gbé yín. Bí ẹ bá dé kọ́rọ́, ẹ má ṣe kánjú.”

Kújọrẹ́ lọ sétí àpáta bí màlúù tí wọ́n ń fà. Ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n má ṣe sin òun sí Èkìtì. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó máa lọ ná, àwọn á jíròrò rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó di ojú, ó sì já bọ́ ju kí ó fò lọ. Gbogbo èrò na ọrùn wò.

Ìyẹ́ eérú náà ṣí lábẹ́ oòrùn tó ń lọ wọ̀. Ọkùnrin sísanra náà jáde sí gbangba, gbọọrọ, jẹ́ẹ́. Ó dé kọ́rọ́ àpáta. Ó rẹ èjìká ọ̀tún sílẹ̀, ó dúró díẹ̀, bí ẹni tí ohun iyebíye kan jókòó lé léjìká, ìgbà náà ló wá yà.

“Ta ló kọ́ Bàbá Yéwándé ní èyí?” ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

Mọrádéyọ̀ bojú wo àbúrò rẹ̀. Láoyè ti tẹ orí ba díẹ̀, ó rẹ èjìká, ó ń dúró kí ará Ìjẹ̀bú náà kọjá tán.

“A ti kọjá,” ó wí.